Ta Ni Ó Ń Sọ Pé Ọba Kò So? Ìdáláre Ṣàngó nínú Eré Dúró Ládipọ̀

Ìfáàrà

Nínú gbogbo ọba tí ó ti jẹ ní Ọ̀yọ́, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn ká ayé tó Ṣàngó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ẹ̀sùn pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ tó o. Àwọn kan mọ̀ ọ́n sí òrìṣà tí ń jà láti ojú ọ̀run. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí ọba tí ó le koko, tí oògùn ọwọ́ rẹ̀ pa ará ilé rẹ̀, tí ó sì pokùn so nígbà tí ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Ìhà méjèèjì yìí ni ó pàdé nínú gbólóhùn kúkúrú kan tí ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ Yorùbá má tíì gbọ́ rí: ọba kò so. Gbólóhùn yìí náà ni Dúró Ládipọ̀ fi sọ orúkọ eré-onítàn tí ó kọ́kọ́ gbé jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1963, tí ó gbé lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1964, tí ó sì tún gbé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1965. Ibùdó Ẹ̀kọ́ nípa Ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ inú eré náà jáde ní ọdún 1972.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nípa eré yìí ni pé ó dá Ṣàngó láre nítorí pé ó sẹ́ pé ọba so. Ẹni tí ó bá ka orúkọ eré náà nìkan lè rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ lé àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò rí i pé eré náà kò fi ikú ọba pamọ́, kò sì fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀nà mìíràn ni Ládipọ̀ gbà dá ọba láre: ó mú àwọn ará ìlú, tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ń rojọ́ mọ́ ọba nínú ìtàn àtijọ́, ó sì mú wọn dúró pẹ̀lú rẹ̀ níbi tí ẹlẹ́jọ́ ń dúró. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a ó ní láti tún gbólóhùn náà gbọ́. A ó béèrè irú ẹni tí ń sọ ọ́, àti ohun tí ó mú un sọ ọ́.

A ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo ohun tí gírámà lè ṣe fún ọba àti ohun tí kò lè ṣe, kí a tó wá sórí eré náà gan-an.

Ẹ̀sùn tí ó wà nílẹ̀

Ìwé tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń bu ìtàn Ṣàngó ni ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní ọdún 1897. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò, ó sì jáde ní ọdún 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Nínú ìwé yìí, ọmọ Ọ̀rànmíyàn ni Ṣàngó, Tápà sì ni ìyá rẹ̀. Wọ́n yọ Àjàká, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lórí oyè nítorí pé ó rọ̀ jù, wọ́n sì fi Ṣàngó jẹ. Ọdún méje ni ó lò. Àìfarabalẹ̀ àti àìsinmi ni Johnson fi ṣàpèjúwe ọdún méjèèje náà. Ọba tí èéfín ń rú lẹ́nu rẹ̀ ni, tí ó sì fẹ́ràn oògùn púpọ̀. Ní ọjọ́ kan, ó gun òkè lọ dán oògùn àrá wò. Àrá sán lu ààfin, ó jó o, ó sì pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ yìí ni ó mú kí ó fi oyè sílẹ̀, kí ó sì gba ọ̀nà ilẹ̀ Tápà, níbi tí àwọn ará ìyá rẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n bá a lọ padà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pokùn so.

Ohun méjì wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi ojú sí. Àkọ́kọ́ ni ipò àwọn ará ìlú. Johnson sọ pé nígbà tí àjálù náà ṣẹlẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ bá ọba kẹ́dùn, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ. Ọba ni kò gbọ́, tí ó sì fi ìbínú pa nínú wọn. Nípa báyìí, ọwọ́ ìlú mọ́ pátápátá. Ọba nìkan ni ó ṣe ohun tí ó ṣe ara rẹ̀.

Èkejì ni orírun gbólóhùn tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti wí, àwọn ènìyàn ń fi àwọn ọ̀rẹ́ ọba ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọba so. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí wá lọ gba oògùn àrá ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, wọ́n sì ń fi iná àti àrá da ìlú láàmú títí ẹ̀rù fi mú kí wọ́n máa wí pé ọba kò so. Èyí ni ó wúwo jù lọ nínú ẹ̀sùn náà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ tí a fi iná yọ lẹ́nu ènìyàn ni ìpìlẹ̀ ìsìn Ṣàngó.

Kí a má ṣe yára sọ pé àlùfáà ìjọ ni ó ba òrìṣà lórúkọ jẹ́. Johnson fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni òun ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn àtijọ́. Ààfin ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ta ni arọ́kin ń ṣiṣẹ́ fún? Ìwé Johnson kan náà ni ó sọ fún wa pé Àjàká tí wọ́n yọ ni ó padà sórí oyè lẹ́yìn Ṣàngó, pé Aganjú ọmọ Àjàká ni ó tẹ̀ lé e, àti pé Kọ̀rí ọmọ Aganjú ni ó jẹ lẹ́yìn náà. Ìdílé ẹni tí Ṣàngó gba ipò rẹ̀ ni ó ń gbọ́ ìtàn Ṣàngó lẹ́nu arọ́kin. Ó dára fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kí ọba tí ó wà láàárín jẹ́ oníjàgídíjàgan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìṣubú rẹ̀. A kò sọ pé arọ́kin parọ́. Àwọn àgbà ni ó kìlọ̀ fún wa pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ààfin yìí kan náà sì ni ó ń bu ọlá fún ẹni tí ó ń dá lẹ́bi. Johnson ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé ojúbọ Ṣàngó ní Kòso ni wọ́n ti ń dé Aláàfin tuntun ládé. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi ìtìjú lásán, ìlú wo ni yóò máa mú ọba tuntun lọ síbẹ̀ láti gba adé? Ìtàn arọ́kin àti àṣà ìwúyè kò fohùn ṣọ̀kan nípa ọkùnrin yìí, àárín àìfohùnṣọ̀kan náà sì ni eré Ládipọ̀ ti rí àyè wọlé.

Ọba Kòso àti ọba kò so

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà dá Ṣàngó láre láìfi ẹsẹ̀ kan ilé-ìṣeré. Ọ̀nà gírámà ni. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí àwọn òrìṣà ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní Bahia, sọ pé Kòso jẹ́ ìlú tí Ṣàngó tẹ̀dó sí kí ó tó dé Ọ̀yọ́, àti pé láti ibẹ̀ ni ó ti mú oyè Ọba Kòso wá. Bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, apólà-orúkọ ni ohun tí a ń gbọ́, kì í ṣe gbólóhùn. Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ni ó tẹ̀ léra, èkejì sì ń yán ti àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé ọba Kétu.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Ohùn orí Kòso kò yàtọ̀ sí ohùn orí kò so. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ni méjèèjì ní. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó yẹ kí etí gbọ́ ni ti fáwẹ̀lì tí a máa ń fà nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì bá ń yán òmíràn. Ilé e Kọ́lá ni à ń pè é bí a bá pè é dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé Kọ́lá ni à ń kọ sílẹ̀. Bákan náà ni yóò jẹ́ ọba a Kòso. Nínú gbólóhùn ìyísódì, irú ìfàgùn yìí kì í wáyé láàárín olùwà tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ àti kò. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. Nínú igbe, nínú orin àti nínú ọ̀rọ̀ àyásọ, ó rọrùn kí ó sọnù.

Àwọn kan lè tọ́ka sí Olúkòso, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ tí àwọn adósù Ṣàngó fi ń pè é, pé ó fi hàn gbangba pé orúkọ ìlú ni Kòso. Ó lè rí bẹ́ẹ̀: olú ìlú Kòso. Ṣùgbọ́n odidi gbólóhùn náà lè di orúkọ ní èdè Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí Adéwálé àti Olúwakẹ́mi ti fi hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè túmọ̀ Olúkòso sí olú kò so. Orúkọ náà kò dá ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí gírámà fún wa kò kéré. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí oyè ti wà kí ìtàn ìpokùnso tó dé, àti pé ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti hun ìtàn náà láti fi ṣàlàyé oyè tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò yé wọn mọ́. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìtàn ìlú wa. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìdí tí a fi ń pe àwọn ìlú kan bí a ṣe ń pè wọ́n yóò mọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi gírámà nìkan gba Ṣàngó sílẹ̀ yóò fi ìdajì ẹjọ́ sílẹ̀. Bí ọba kò bá so, kí ni ó gbé e kúrò láàfin? Ta ni ó jẹ́ kí ó dá nìkan rìn? Ládipọ̀ mọ̀ pé àwọn ìbéèrè yìí ni ó le jù. Gbólóhùn ni ó mú, kò mú oyè, nítorí pé gbólóhùn ní ẹni tí ń sọ ọ́.

Ikú ọba lójú àwọn ará Ọ̀yọ́

Kí a tó wọ inú eré náà, ó yẹ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ṣé ìtìjú ni kí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀? Lójú àwọn ẹlẹ́sìn ìgbàgbọ́ tí wọ́n kọ ìwé ìtàn wa, bẹ́ẹ̀ ni. Lójú òfin Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá ti kọ ọba, ikú ni ó kàn. Ọba tí ó bá gbà láti kú ti pa òfin mọ́. Ẹni tí ó bá kọ̀ ni ó tẹ́. Bí Aólẹ̀ ti mu májèlé ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún nìyẹn, bí àwọn ọba tí Baṣọ̀run Gáà yọ ṣáájú rẹ̀ ti lọ náà nìyẹn. Adébáyọ̀ Fálétí ti fi ìgbà Gáà hàn wá nínú eré rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà.

A kò sọ pé òfin yìí ti fìdí múlẹ̀ nígbà ayé Ṣàngó. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn Ṣàngó láti ìran dé ìran mọ òfin náà, àti pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ jẹ́ òwe tí wọ́n gbé ayé lé. Lójú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ọba so nìkan kò tó láti jẹ́ èébú. Ohun tí ó sọ ọ́ di èébú ni ohun tí wọ́n fi kún un láìsọ ọ́ jáde: pé kò sí ẹni tí ó kọ ọba, kò sí ẹni tí ó ní kí ó lọ, ìwà rẹ̀ nìkan ni ó lé e. Àfikún yìí gan-an ni Ládipọ̀ dojú kọ.

Ohun tí àhunpọ̀ ìtàn eré náà ṣe

Ládipọ̀ kò gbé eré rẹ̀ ka orí oògùn àrá tí ó jó ààfin. Orí ọ̀rọ̀ àwọn ológun méjì ni ó gbé e kà: Tìmì àti Gbọ̀nńkáà. Ogun tí àwọn akọni méjèèjì yìí ń jà ti sú àwọn ará ìlú, wọ́n sì mú ẹjọ́ wá síwájú ọba. Ṣàngó fẹ́ tẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́rùn. Ọya, ìyàwó rẹ̀, dá a nímọ̀ràn pé kí ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ láti máa ṣọ́ ẹnu ibodè. Tìmì lọ, ó sì di alágbára níbẹ̀. Ọba tún rán Gbọ̀nńkáà lọ mú un wá. Gbọ̀nńkáà fi ọfọ̀ dá oorun sí Tìmì lójú, ó sì mú un wá sí Ọ̀yọ́. Ọba ní kí wọ́n tún jà níwájú òun. Gbọ̀nńkáà tún borí, ó pa Tìmì, ó sì yíjú padà sí ọba, ó ní kí ó kúrò lórí oyè. Níbẹ̀ ni ìbínú ti gba ojú ọba, tí ó pa nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ó sì jáde kúrò nílùú.

Ẹni tí ó mọ ìwé Johnson yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìsopọ̀ tuntun ni èyí. Nínú ìwé náà, ìgbà Kọ̀rí ni wọ́n tẹ Ẹdẹ dó láti fi dá àwọn Ìjẹ̀ṣà dúró, Kọ̀rí sì jẹ lẹ́yìn Aganjú, nígbà tí Ṣàngó ti di ẹni àná. Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo tí Ládipọ̀ ń gbé, ìtàn Tìmì sì wà lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Òpìtàn lè bínú pé a da ìgbà méjì pọ̀. Lámèyítọ́ ní láti béèrè ohun tí ìdàpọ̀ náà ṣe fún ẹjọ́ ọba.

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe. Èkíní, ó gbé orísun wàhálà kúrò nínú ìwà ọba, ó gbé e sí àárín ọba àti ìlú. Nínú ìwé Johnson, Ṣàngó ń wá ìjà nítorí pé bí a ṣe dá a nìyẹn. Nínú eré yìí, ìlú ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá ti mú ẹjọ́ àwọn ológun wá, ọba kì bá tí ní ìdí láti ya wọ́n nípá.

Èkejì, kò sọ ọba di aláìlẹ́ṣẹ̀. Ọgbọ́n àrékérekè ni ó fi bá àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lò. Ó rán ọ̀kan sí ibi tí ó rò pé ewu wà. Nígbà tí ìyẹn kò ṣẹ, ó fi ẹnìkejì dọdẹ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàyè, ó tún fi wọ́n jà bí àkùkọ. Gbọ̀nńkáà tí ó yíjú sí ọba kò ṣe àṣìṣe. Ó ti rí i pé ohun tí wọ́n ṣe fún Tìmì ni wọn yóò ṣe fún òun. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú tí ọba ta sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo òǹwòran sì rí i. Bí Ládipọ̀ bá fẹ́ sọ Ṣàngó di mímọ́ ni, ó rọrùn fún un láti yọ ìran yìí kúrò. Kò yọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, ó jẹ́ kí ìlú jẹ́ ẹni tí ó béèrè ohun kan, tí ó sì sá nígbà tí owó rẹ̀ dé. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ọba gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ológun kò dúró tì í nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ológun náà dojú kọ ọ́. Níhìn-ín ni eré náà ti yàtọ̀ sí ìwé Johnson jù lọ. Nínú ìwé náà, ìlú ń bẹ ọba kí ó dúró. Nínú eré náà, ọba dúró títí kò fi sí ẹni tí ó dúró tì í.

Ọ̀rọ̀ Ọya ń fẹ́ ìṣọ́ra. Nítorí pé òun ni ó mú ìmọ̀ràn wá, àwọn kan máa ń di ẹ̀bi lé e lórí pé obìnrin ni ó ti ọba ṣubú. Bí a bá gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀, a ti fi ẹni kan tí a bà lórúkọ jẹ́ pààrọ̀ òmíràn. Ìmọ̀ràn ni Ọya fún ọba, ẹnu ọba ni àṣẹ wà. Ọya sì wà lára àwọn tí wọ́n bá ọba dé ìta ìlú. Pé òun náà padà fi í sílẹ̀ ni ó jẹ́ kí ìdáwà ọba pé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ lọ.

Àwọn tí ń ké ní òpin eré

Wàyí o, a dé orí gbólóhùn náà. Nígbà tí ọba ti dá nìkan wà, tí ó sì ti kú, àwọn ènìyàn padà wá. Wọ́n kọ́kọ́ ń dárò. Lẹ́yìn náà ni àrá sán, tí igbe sì yí padà: ọba kò so. Ìlù bàtá dé, ijó dé, òǹwòran dìde nílẹ̀. Ládipọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún a sì ṣe Ọya. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n rí wọn kò gbàgbé bí ìran yìí ti lágbára tó. Nítorí agbára rẹ̀ ni ó fi rọrùn kí a máà béèrè ìbéèrè nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ń ké. Àwọn tí wọ́n mú ẹjọ́ wá ni. Àwọn tí wọ́n sá ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọba kú, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè jẹ́rìí sí bí ó ti kú. Ẹ̀rí kọ́ ni wọ́n ń jẹ́. Bí wọ́n bá gbà pé ọba so, wọn yóò ní láti gbà pé àwọn ni ó fi í sílẹ̀ kí ó so. Bí wọ́n bá sọ pé kò so, ara tù wọ́n. Ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè: òwe yìí kò bá ẹni tí ó kú wí, àwọn tí wọ́n kù lẹ́yìn ni ó ń bá wí.

Ní ìtumọ̀ yìí, Ládipọ̀ kò fi gbólóhùn náà sílẹ̀ bí ó ti bá a nínú ìwé Johnson, kò sì fi gbogbo ara já a. Nínú ìwé Johnson, irọ́ tí ẹ̀rù mú wá ni. Nínú eré náà, ẹ̀rù ṣì wà, nítorí àrá ń sán. Ṣùgbọ́n àbámọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí ìlú fi ń bẹ òkú ọba ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìlú fi ń bo ara rẹ̀. A kò lè ya méjèèjì nípá láìba eré náà jẹ́.

Àléébù kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Bí ìran ìkẹyìn ti dùn tó máa ń jẹ́ kí òǹwòran dára pọ̀ mọ́ àwọn tí ń ké láìronú pé òun náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n sá. Olùdarí eré tí ó bá fi ayọ̀ nìkan parí rẹ̀ yóò sọ ọ́ di ayẹyẹ òrìṣà lásán. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wà láàárín ìdárò àti igbe, kí ojú àwọn ará ìlú hàn kí ohùn wọn tó yí padà, ni yóò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí eré náà ń sọ.

Ìgbìmọ̀ ọba ní Bahia

Kì í ṣe Ládipọ̀ nìkan ni ó ti rí i pé ìdáwà ọba ni ọgbẹ́ tí ìtàn yìí ní. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Brazil, Eugênia Ana dos Santos dá ilé òrìṣà kan sílẹ̀ ní ọdún 1910, tí à ń pè ní Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá. Ní àárín ọdún 1930 sí 1939, òun àti Martiniano Eliseu do Bonfim, tí ó ti gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, fi ìgbìmọ̀ àwọn Ọbà Ṣàngó méjìlá lọ́lẹ̀ nínú ilé náà. Martiniano sọ ìtàn ìgbìmọ̀ yìí fún àpérò kejì lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil, èyí tí ó wáyé ní Salvador ní ọdún 1937. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, àwọn ìjòyè ọba ni ó kó ara wọn jọ lẹ́yìn tí Ṣàngó ti kúrò láyé, kí orúkọ àti ìsìn rẹ̀ má baà parun.

Nínú orúkọ oyè wọn ni a ti rí Abíọ́dún, Oníkòyí àti Kákáǹfò. Abíọ́dún jẹ Aláàfin ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìgbìmọ̀ ayé Ṣàngó gan-an ni èyí. Gẹ́gẹ́ bí Ládipọ̀ ti ṣe, wọ́n da ìgbà méjì pọ̀ kí wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Níbi tí ìtàn ti sọ pé àwọn ènìyàn ọba fi í sílẹ̀, wọ́n yan méjìlá tí kò ní fi í sílẹ̀. Òṣogbo fi eré sọ ọ́, Bahia fi oyè sọ ọ́. Ọgbẹ́ kan náà ni wọ́n ń wẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú bébà yìí pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà tún orúkọ Ṣàngó ṣe. Ọ̀kan ni kí a sẹ́ pé ó so, yálà nípa ti gírámà tàbí nípa ti ìgbàgbọ́. Èkejì ni kí a wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti àwọn tí ó jọba lé lórí. Orúkọ eré Ládipọ̀ tọ ọ̀nà àkọ́kọ́, àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ tọ èkejì. Lójú tiwa, èkejì ni ó lágbára jù, nítorí pé kò béèrè pé kí ọba jẹ́ ẹni mímọ́ kí a tó lè ṣe òdodo sí i.

Èyí kan iṣẹ́ wa nínú kíláàsì. Ìbéèrè tí a sábà máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n jíròrò bóyá Ṣàngó jẹ́ ọba rere tàbí ọba búburú. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí wọ́n to ìwà ọba jọ sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí wọ́n kà wọ́n, kí wọ́n sì dá ẹjọ́. Kì í jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ará ìlú tí wọ́n wà lórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò sàn kí a ní kí wọ́n tọ ipasẹ̀ ìlú nínú eré náà: ohun tí wọ́n béèrè, ìgbà tí wọ́n dákẹ́, ìgbà tí wọ́n lọ, àti ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n padà. Kí wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Baṣọ̀run Gáà, níbi tí ìjòyè ti ń pa ọba lójú ìlú, kí wọ́n wo bí ìdákẹ́ ìlú ṣe rí nínú eré méjèèjì.

Ilẹ̀ wa kò ṣe aláìní àwọn olórí tí a pè wá, tí a tì síwájú, tí a fi sílẹ̀, tí a sì sọ òpópónà ní orúkọ wọn lẹ́yìn ikú wọn. Ẹni tí ó bá kọ́ láti béèrè nínú eré Ládipọ̀ pé ta ni ó ń sọ pé ọba kò so, yóò lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú.